Abúlé àbí ìgboro: ibo ló yẹ kẹ́ ẹ ti jẹun bẹ́ ẹ bá jáde? Ìfiwéra láti Èkó dé Èkìtì

Lọ́dún tó kọjá, èmi ni mo wa mọ́tò láti Ìbàdàn lọ sí Adó-Èkìtì. Màámi tí wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún jókòó síwájú, ọkọ mi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi méjì tí wọ́n bí sí London wà lẹ́yìn, a ò tíì dé Ìkirè tí àríyànjiyàn fi bẹ̀rẹ̀ lórí ibi tá a ti máa jẹun. Màámi ní iyán làwọn fẹ́, iyán tí wọ́n fi odó gún o, àwọn ò jẹ ti inú páálí. Ọkọ mi ní ṣebí òun ti sọ pé ká jẹ àmàlà ní Bódìjà ká tó kúrò nílùú. Àwọn ọmọ fẹ́ ìrẹsì àti adìẹ, wọ́n sì fẹ́ ibi tí ilé ìtọ̀ ò ti ní rùn. Gbogbo wọn ló jàre, mi ò dá ẹnì kankan lẹ́bi.

Àtìgbà yẹn ni mo ti ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, torí bí December bá ti ń sún mọ́lé làwọn èèyàn á máa pè mí pé Aunty, ẹ jọ̀ọ́, ibo la lè mú àwọn àlejò wa lọ jẹun, ṣé ká gbé wọn lọ sábúlé ni àbí ká dúró sígboro. Iṣẹ́ mi ló ń gbé mi rìn lójú ọ̀nà yìí, ó ti lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mo ti jẹun lábẹ́ páànù, mo ti jẹun nínú AC, ohun tí mo sì rí ni pé ẹni tó ní oúnjẹ abúlé ló dùn jù ò parọ́, ẹni tó ní ti ìgboro ló dùn jù náà ò parọ́, aago tí kálukú wọn débẹ̀ ló yàtọ̀.

Ohun tí mo máa ń wò kí n tó jókòó

Aago ni mo fi ṣáájú. Òkèlè wa ní àkókò tiẹ̀. Iyán tó bá tutù á le, àmàlà tó bá pẹ́ nínú kúlà á máa sun omi, ẹ̀fọ́ tí wọ́n bá ti gbé kaná lẹ́ẹ̀mẹta á dúdú, adùn ẹ̀ á sì lọ. Torí náà, bí mo bá ti wọlé, mo kí olóúnjẹ tán, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń béèrè ni pé Mà, ìgbà wo lẹ sọ ọbẹ̀ yìí kalẹ̀? Ẹni tí oúnjẹ ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jinná á dáhùn kíá, á tiẹ̀ ní kẹ́ ẹ wá wo ìkòkò. Ẹni tó bá ń fọ̀rọ̀ falẹ̀ kò yẹ kẹ́ ẹ bá a dúró. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, a yà sí ilé oúnjẹ kan létí títì ní nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ilé yẹn rẹwà, táìlì funfun, tẹlifíṣọ̀n ńlá, àwọn ọmọ tó ń gbé oúnjẹ wọ aṣọ kan náà, ṣùgbọ́n àwa nìkan la wà níbẹ̀. Ó yẹ kí ìyẹn ti kọ́ mi lọ́gbọ́n. Ẹ̀gúsí tí wọ́n gbé wá, ti àná ni, ọmọ mi ò sùn lóru ọjọ́ yẹn, inú ló ń run ún títí ilẹ̀ fi mọ́. Láti ọjọ́ náà, mi ò wo bí ilé ṣe rí mọ́, bí èrò ṣe ń wọlé tí wọ́n ń jáde ni mò ń wò, torí ibi tí èrò bá pọ̀ sí, ìkòkò kì í pẹ́ gbẹ, wọ́n á tún gbé òmíì kaná.

Lẹ́yìn ìyẹn, omi. Ẹ má wo iwájú ilé, ẹ rìn lọ sẹ́yìn bí ẹni ń wá ibi tó máa tọ̀ sí, kẹ́ ẹ wo ibi tí wọ́n ti ń fọ abọ́. Ṣé wọ́n ń pààrọ̀ omi yẹn àbí látàárọ̀ ni ó ti wà nínú báàfù? Ṣé ọṣẹ wà níbi tí èèyàn ti ń fọwọ́? Píọ́ wọ́tà tí wọ́n bá gbé wá, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC lára ẹ̀, tí kò bá sí, ẹ mu èyí tẹ́ ẹ gbé wá látilé. Èyí kan abúlé, ó kan ìgboro.

Owó wá jẹ́ nǹkan tó ń dàrú mọ́ èèyàn lójú, torí bí wọ́n ṣe ń kà á yàtọ̀. Ní búkà, ọkà kò wọ́n, ẹran ló ń gba owó lọ́wọ́ yín, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kà á, ẹ lè jókòó kẹ́ ẹ ní oúnjẹ yìí pọ́ọ́kú ni, ìgbà tẹ́ ẹ bá nawọ́ sí ṣàkì, ẹ nawọ́ sí àbọ́dí, ẹ tún nawọ́ sí ẹran ògúnfe, owó ti kúrò níbi tẹ́ ẹ fi sí. Ní ilé oúnjẹ ńlá, iye tí wọ́n kọ sínú ìwé oúnjẹ kọ́ lẹ máa san, VAT tó jẹ́ 7.5% láti 2020 á wọ̀ ọ́, ilé míì á tún fi service charge kún un, ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó pàṣẹ. Lábúlé, oúnjẹ pọ́ọ́kú ṣùgbọ́n epo mọ́tò tẹ́ ẹ fi débẹ̀ ńkọ́? Tẹ́ ẹ bá sì débẹ̀ tí nẹ́tíwọ̀kì ò sí, tíráńsífà ò ní lọ, owó sì lè ti tán lọ́wọ́ oníPOS tó wà lábúlé, torí náà ẹ mú owó dání, owó kéékèèké.

Èyí tó kù ni ẹni tẹ́ ẹ mú lọ. Àgbàlagbà tí eyín ti ń yẹ̀ lẹ́nu ẹ̀, ọmọ tí kì í jẹ ata, ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, Mùsùlùmí tó fẹ́ mọ ẹni tó dúńbú ẹran, kálukú ló ní ibi tó bá a mu.

Iyán ní ìlú kékeré: Ìjẹ̀ṣà, Èkìtì, Òǹdó

Kí n sòótọ́ ọ̀rọ̀, ibi yìí lọkàn mi wà. Tẹ́ ẹ bá gba Iléṣà kọjá, tẹ́ ẹ gba Ẹ̀fọ̀n Aláayè, Àrámọkọ, Ìyìn, títí dé Adó, ẹ máa gbọ́ ìró odó kẹ́ ẹ tó rí ṣọ́ọ̀bù. Àwọn oníyán wọ̀nyí kì í gún un sílẹ̀ dè yín, ìgbà tẹ́ ẹ bá jókòó ni iṣu á kúrò lórí iná bọ́ sínú odó, ọmọ ọkùnrin méjì á di ọmọrí odó mú, kí ẹ tó fọwọ́ tán ó ti dé. Iyán gidi máa ń ní kókó díẹ̀díẹ̀ nínú, ó ń fà, ó sì ń rùn bí iṣu. Èyí tó bá dán gbinrin, tí kò ní kókó kankan, tó rọ̀ bí ẹ̀kọ mímu, ìyẹn èlùbọ́ iyán inú páálí ni wọ́n rò, ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ ìgboro ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ torí kò ní láálàá. Kò burú, ṣùgbọ́n ẹ má san owó iyán odó fún un.

Ọbẹ̀ wọn ló tún gbé e ga. Ẹ̀fọ́ tí ẹ kò ní rí nígboro wà níbẹ̀, ẹbòlò, yánrin, wọ́rọ̀wọ́, ìṣápá, irú tí wọ́n ń fi sọ́bẹ̀ kì í ṣe èyí tí wọ́n fi yanrìn kún, tó bá sì jẹ́ ìgbà òjò ẹ lè bá olú pàdé, olú tí wọ́n hú láàárọ̀ yẹn nínú oko. Ìgbín náà wà. Àwọn ọmọ London yẹn sá fún ìgbín lákọ̀ọ́kọ́, àfìgbà tí Màámi gé e wẹ́wẹ́ fún wọn láìsọ orúkọ ẹ̀.

Ìgbà ẹ̀ ṣe pàtàkì. Iṣu tuntun tó bá kọ́kọ́ jáde ní bíi July sí August, omi pọ̀ nínú ẹ̀, kì í fà tó bó ṣe yẹ, ẹni tó bá jẹ iyán nígbà yẹn tó ní iyán Èkìtì ò já mọ́ nǹkan, kò tíì jẹ ẹ́. Láti December lọ, tí iṣu ti gbó tó ti gbẹ, ìgbà yẹn gan-an ló dùn. Tó bá wá jẹ́ ọjọ́ ọjà ìlú náà lẹ bọ́ sí, oúnjẹ á pọ̀, èrò á pọ̀, ìkòkò á máa gbóná látàárọ̀ di ọ̀sán. Ọjọ́ tí kò sí ọjà, láàárín aago méjìlá sí mẹ́ta ni kẹ́ ẹ débẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn ẹ lè bá odó tí wọ́n ti fọ̀ dà kọlẹ̀.

Ibi tó kù díẹ̀ káàtó: ilé ìtọ̀. Ibi púpọ̀ ṣáláńgá ni, ibòmíì ẹ̀yìnkùlé ni. Àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn kò lè lóṣòó síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n ti tọ̀ kẹ́ ẹ tó débẹ̀. Èkejì, ẹran ìgbẹ́. Ọ̀yà dùn, èmi náà ń jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n ó wọ́n, ẹyọ kan lè ju gbogbo oúnjẹ tó kù lọ, ẹ béèrè iye kí wọ́n tó gbé e sínú abọ́. Ní ti eku, mi ò jẹ ẹ́ rárá lákòókò ẹ̀ẹ̀rùn, torí eku ló ń kó ibà Lassa ràn èèyàn, Ìpínlẹ̀ Òǹdó sì wà lára ibi tó ti ń mú èèyàn jù ní Nàìjíríà. Ẹran tí wọ́n bá sọ pé ìgbẹ́ ni, kó jinná wọ egungun.

Àmàlà Ìbàdàn

Bí ẹ bá fẹ́ ibi tí oúnjẹ ti ń gbóná látàárọ̀ dalẹ́, kò síbi tó tó Ìbàdàn. Èyí ò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú pé ibẹ̀ ni mò ń gbé, ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Búkà tó lórúkọ ò ro ìkòkò àmàlà kan lójúmọ́, wọ́n á ro ó, á tán, wọ́n á tún ro ó, èyí tí wọ́n ń fi ìgbákọ bù fún yín lè má tíì lo ìdajì wákàtí. Bódìjà ni ọ̀pọ̀ àlejò máa ń béèrè, Àmàlà Skye, tí wọ́n fi orúkọ báńkì tó wà nítòsí pè. Báńkì Skye fúnra ẹ̀ ti di Polaris láti 2018 ṣùgbọ́n orúkọ yẹn ò kúrò lára àmàlà. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀ lọ́sàn-án Saturday, ìlà á gùn, ẹ lọ kí aago méjìlá tó lù.

Ẹni tí kò bá jẹ ẹ́ rí, ẹ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń béèrè. Abùlà lẹ máa ní kí wọ́n bù fún un, ìyẹn ewédú àti gbẹ̀gìrì tí wọ́n pọ̀ tí wọ́n wá da ọbẹ̀ ata lé lórí. Ẹran wà lóríṣiríṣi, ṣàkì, ìfun, ẹ̀dọ̀, fùkù, pọ̀nmọ́, ògúnfe. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ tó ń bù oúnjẹ sáré fún yín, ẹ na ìka sí èyí tẹ́ ẹ fẹ́, ẹ kà á lójú ẹ̀. Àmàlà tó dáa á dúdú díẹ̀, kò ní dúdú bí èédú, á yọ̀ lọ́fun láìlẹ̀ mọ́ eyín. Ohun tí mi ò fẹ́ níbẹ̀ ni ọ̀rá tí wọ́n fi ń wé e. Àmàlà gbígbóná nínú ọ̀rá ò tẹ́ mi lọ́rùn, abọ́ ni mo máa ń ní kí wọ́n bù ú sí tààrà, tàbí kí n lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tó ṣì ń fi ewé wé e.

Fún ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, búkà sàn ju ilé oúnjẹ ńlá lọ, mo mọ̀ pé èyí máa ya àwọn kan lẹ́nu. Ní búkà, ẹ lè ra ẹyọ kékeré kan, kẹ́ ẹ fi ewédú àti ẹja kún un dáadáa, kò sẹ́ni tó máa bi yín. Ní ilé oúnjẹ ńlá, bí wọ́n ṣe bù ú náà ni wọ́n bù ú, á sì máa dun èèyàn láti ṣẹ́ ẹ kù nígbà tó ti sanwó ẹ̀. Ata ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún tọ́mọdé bá wà. Ariwo náà pọ̀, èèyàn méjì tó fẹ́ jókòó sọ̀rọ̀ àṣírí kò gbọdọ̀ lọ síbẹ̀, ẹ máa jẹun, ẹ máa dìde fún ẹlòmíì ni.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ti láfún níbí. Àwọn Ẹ̀gbá ní Abẹ́òkúta àti àwọn ará Ìbàràpá, láfún funfun tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe ló bá wọn mu. Tẹ́ ẹ bá gba Igbó-Ọrà kọjá, ìlú ìbejì yẹn, ẹ jẹ láfún àti ọbẹ̀ ìlasa, ewé ilá ni wọ́n fi ń sè é, àwọn ará ìlú á sì sọ fún yín pé òun ló ń jẹ́ kí wọ́n bí ìbejì. Oúnjẹ yẹn fúyẹ́ nínú, kò wọ́n rárá, ó sì ṣòro láti rí níbòmíì.

Ojú títì: Aṣẹ́jírẹ́, Ìkirè, Ògèrè

Ọ̀pọ̀ ló gbà pé jíjẹun lójú ọ̀nà léwu. Ó léwu tẹ́ ò bá mọ ohun tí ibẹ̀ mọ̀ ọ́n ṣe. Ìlú kọ̀ọ̀kan lójú títì ló ní nǹkan kan tó gbówọ́ nínú ẹ̀, ìyẹn ni kẹ́ ẹ rà, ẹ má ra nǹkan míì. Ní Aṣẹ́jírẹ́, láàárín Ìbàdàn sí Ifẹ̀, ẹja ni, odò Ọ̀ṣun tí wọ́n sé níbẹ̀ ló ti ń wá, ẹ lè rí díndín, ẹ lè rí yíyan. Èyí tí wọ́n ń dín lójú yín ni kẹ́ ẹ mú, ẹ jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́ látinú epo fún yín, èyí tó ti wà nínú ike tí eṣinṣin ń bà lé, ẹ fi í sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá dé Ìkirè, dòdò ni. Dòdò Ìkirè kì í ṣe dòdò tá à ń dín sílé, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti rà dénú ni wọ́n fi ata sí tí wọ́n wá dín, ó dúdú, ó dùn, ó ta lẹ́nu díẹ̀, ó sì lè pẹ́ láìbàjẹ́. Àwọn ọmọ wa jẹ ẹ́ títí a fi dé Iléṣà, èyí tó kù ni wọ́n dì sínú báàgì padà sí London.

Ní ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, Ògèrè ni àwọn onítírélà máa ń dúró sí. Oúnjẹ ibẹ̀ kò ní ẹwà, ṣùgbọ́n dírẹ́bà tó ń wakọ̀ lóru kì í jẹ oúnjẹ tútù, bó o bá débẹ̀ ní aago mẹ́wàá alẹ́ wà á bá iná lábẹ́ ìkòkò. Èmi obìnrin ò ní dá dúró níbẹ̀ lóru, mo sọ ọ́ bó ṣe rí. Lọ́sàn-án, tẹ́ ẹ bá pọ̀, ó dáa.

Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ: ọ̀fadà, ìkọ́kọrẹ́

Ọ̀fadà ti di oúnjẹ òde nígboro, gbogbo páátì ni wọ́n ti ń jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n ìrẹsì òyìnbó pọ̀ tí wọ́n ń pè ní ọ̀fadà. Ọ̀fadà tòótọ́ kúrú, ó ní ilà pupa lára, ó sì ní òórùn tiẹ̀ kó tó di pé irú dé orí ẹ̀. Ìlú Ọ̀fadà tó fún un lórúkọ wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi Owódé ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Fún ayamáṣe, Ìkẹ́nnẹ́ ni kẹ́ ẹ lọ, epo tí wọ́n ti yọ́ títí, ata tútù aláwọ̀ ewé, irú, ẹyin, ẹran tí wọ́n gé kéékèèké, tí wọ́n wá bù ú lé ìrẹsì inú ewé eéran. Ewé yẹn ń fi nǹkan kún adùn, ẹ má jẹ́ kí wọ́n bù ú sínú ike fún yín.

Ìkọ́kọrẹ́ ní tiẹ̀, ilé Ìjẹ̀bú ló ti dùn jù, ewùrà tí wọ́n rin tí wọ́n fi ẹja gbígbẹ sè. Ó rọ̀, kò fẹ́ eyín, kò béèrè òkèlè, àgbàlagbà á gbádùn ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wà ní Èkó tẹ́ ẹ fẹ́ gbọ́ òórùn ìgbèríko láìlọ jìnnà, Ìjẹ̀bú-Òde lẹ máa lọ, ẹ jáde láàárọ̀, kẹ́ ẹ padà kí súnkẹrẹ fàkẹrẹ ìrọ̀lẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Àwọn fast food

Mi ò ní pẹ́ níbí. Láti 1986 tí Mr Bigg's ti bẹ̀rẹ̀, ohun tí àwọn ilé oúnjẹ wọ̀nyí ń tà fún wa kò yí padà púpọ̀: ìrẹsì, adìẹ, mítì páì, AC, ilé ìtọ̀ tó mọ́, iye owó tí wọ́n kọ sára ògiri. Chicken Republic, Tastee, Item 7, Kilimanjaro, ohun kan náà ni. Adùn wọn kì í ga, kì í sì í lọọlẹ̀ gan-an. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn nítorí ọmọdé àti nítorí ọjọ́ Sunday tí ọ̀pọ̀ búkà máa ń tì. Ẹ kàn yẹra fún òkèlè níbẹ̀, ẹ jẹ ìrẹsì, kẹ́ ẹ sì béèrè bóyá adìẹ yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú epo.

Èkó: búkà àti ilé oúnjẹ ńlá

Èkó ní ọ̀nà méjì, àárín wọn sì jìn. Àkọ́kọ́ ni búkà tó ti pẹ́, White House ní Yábàá, Ọláìyá ní Sùúrùlérè, Ghana High ní Oníkan tó wà nítòsí ilé aṣojú Ghana, tí àwọn òṣìṣẹ́ báńkì àti lọ́yà ti ń tò sórí ìlà lọ́sàn-án nítorí ìrẹsì. Wọ́n tọ́ sí orúkọ wọn. Ìṣòro ibẹ̀ ni ibi tẹ́ ẹ máa gbé mọ́tò sí, àti pé láàárín aago méjìlá sí méjì, kò sí ibi ìjókòó.

Èkejì ni ilé oúnjẹ Victoria Island àti Ìkẹjà. Terra Kulture lórí Tiamiyu Savage, tí Bọ́láńlé Austen-Peters dá sílẹ̀, oúnjẹ wa ni wọ́n ń sè níbẹ̀, àwòrán wà lára ògiri, tíátà wà nínú ọgbà kan náà, ẹ lè mú àlejò lọ jẹun kẹ́ ẹ tún wo eré. The Yellow Chilli náà wà, ọbẹ̀ ilá alásèpọ̀ wọn làwọn èèyàn ń sọ. Ní tòótọ́, owó tí èèyàn kan máa fi jẹun níbẹ̀ lè bọ́ odindi ìdílé ní Bódìjà, kí ẹ sì tó débẹ̀ láti Ìkòròdú tàbí Agége ebi á ti pa yín lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n ohun tí owó yẹn ń rà ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́, àga tó rọ̀, ẹni tó máa gbọ́ tẹ́ ẹ bá ní ata yìí ti pọ̀ jù, àti ibi tí àwọn àna méjì tó ń ríra fún ìgbà àkọ́kọ́ lè jókòó wákàtí mẹ́ta láìsí ẹni tó ń wò wọ́n pé ẹ dìde. Ìyẹn náà níye lórí.

Ta ló yẹ kó lọ síbo

Ẹni tó mú òbí àgbà lọ tó sì fẹ́ kí inú wọn dùn, ìlú kékeré ni, iyán tàbí ìkọ́kọrẹ́, ẹ kàn fi ètò ilé ìtọ̀ ṣáájú. Ọ̀rẹ́ mẹ́rin tí ebi ń pa, tí owó wọn ò pọ̀, àmàlà Ìbàdàn, ẹ jókòó sórí báǹṣì kan náà. Ẹni tí ọmọ kékeré méjì wà lọ́wọ́ ẹ̀ lọ́jọ́ Sunday, fast food, láìsí àríyànjiyàn. Ẹni tó fẹ́ tọrọ ọmọ lọ́wọ́ àna, tàbí tó fẹ́ bá ọ̀gá sọ̀rọ̀ iṣẹ́, ilé oúnjẹ ńlá ní Èkó, kó pè wọ́n ṣáájú kí wọ́n fi àga sílẹ̀ dè é. Ẹni tó ń wá ohun tí kò jẹ rí, Igbó-Ọrà tàbí Ìkẹ́nnẹ́. Ẹni tó ń dá wakọ̀ lọ tí ilẹ̀ sì ti ṣú, kó ra búrẹ́dì sínú mọ́tò, kó jẹun nílé.

Ọjọ́ tiwa yẹn, bá a ṣe pín in nìyí. A ra ẹja ní Aṣẹ́jírẹ́, ọkọ mi jẹ ẹ́ nínú mọ́tò, ìyẹn sì mú kó dákẹ́ nípa ṣàkì. A ra dòdò ní Ìkirè fún àwọn ọmọ. A yà sí fast food kan ní Ifẹ̀, a ra ìrẹsì kan àti adìẹ méjì kí wọ́n lè jẹ́ ká lo ilé ìtọ̀ wọn, Màámi sì sinmi níbẹ̀. Aago kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá la dé ọ̀dọ̀ oníyán kan lẹ́yìn Iléṣà, odó ṣì ń dún. Màámi jẹ iyán méjì, wọ́n fọwọ́ nu abọ́ ọbẹ̀ ìṣápá, wọ́n ní irú iyán tí ìyá àwọn ń gún nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe irú ẹ̀ lọ́dún yìí, ẹ kúrò ní Ìbàdàn kó tó di aago mẹ́sàn-án, ẹ wá nọ́ńbà oníyán yín kẹ́ ẹ pè wọ́n lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ sọ iye yín fún wọn, ẹ ní àgbà wà láàárín yín, kí wọ́n gún tiwọn kó kúnná.